Ẹja Mẹ́wàá Nínú Bàsíà Dúdú

Ní ilé wa nígbà náà, kì í ṣe àkùkọ ló ń jí mi, ẹja ni. Bọ̀dá Mùráínà, àbúrò bàbá mi, a ti dé láti odò kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, a da ohun tó bá nínú ìgèrè rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìnkùlé, àwọn ẹja àrọ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrù na ara irin náà, pà, pà, pà, títí ara wọn yóò fi rọ̀. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sórí ẹní, n ó máa fi etí wọn bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Bí ìró náà bá dí, mo mọ̀ pé iṣẹ́ wà lọ́jọ́ yẹn. Bí ó bá ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan, mo mọ̀ pé Ìyá Àgbà yóò rojú títí oòrùn yóò fi là. Lẹ́yìn náà ni n ó gbọ́ tí búta àlùwàlá bá kan sìmẹ́ńtì, tí Ìyá Àgbà bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, tí wọ́n sì pe orúkọ mi, “Mòríámọ̀,” lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn kì í pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bá pè lẹ́ẹ̀mejì, ìpè kẹta kò ní wúlò fún un.

Ìyá Àgbà ló bí bàbá mi. Nígbà tí bàbá mi kú, tí ìyá mi sì fẹ́ ọkọ mìíràn lọ sí Èkó, ọ̀dọ̀ wọn ni mo kù sí, ní Mówé, nínú ilé tó wà ní ìsàlẹ̀ níbi tí ọ̀nà ti ń lọ sí odò. Ẹja ni wọ́n ń yan tà. Àwọn tó ń lọ sí Kám̀pù àwọn onígbàgbọ́ fún àdúrà oṣooṣù máa ń sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ Lótò láti rà á, wọn a ní ẹja Ìyá Àgbà kì í korò, ó sì ń pẹ́ kó tó hu. Iṣẹ́ tèmi ni kíká. N ó gbá ìrù ẹja mú, n ó tẹ̀ ẹ́ wá sí ẹnu rẹ̀, n ó fi igi ìgbálẹ̀ gún méjèèjì pọ̀ kó lè dúró roboto lórí wáyà. Orí ẹja tó bá já bọ́ sínú iná, tàwa ọmọdé ni. A máa ń fi í jẹ láfún pẹ̀lú ọbẹ̀ ilá, ọwọ́ wa a máa run èéfín títí di ọjọ́ kejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. N kì í sọ̀rọ̀. Bí àlejò bá béèrè orúkọ mi, ẹsẹ̀ mi ni mo máa ń wò, Ìyá Àgbà ni wọ́n sì máa ń bá mi dáhùn. Mo dàgbà tán kí n tó mọ̀ pé ẹni tí wọ́n bá ń bá dáhùn nígbà gbogbo, ọ̀rọ̀ a máa wọ́n ọn lẹ́nu lọ́jọ́ tó yẹ kó fúnra rẹ̀ dáhùn.

Ohun méjì wà tí Ìyá Àgbà kì í fi ṣeré. Àkọ́kọ́ ni omi. Abọ́ omi mẹ́ta ló wà lágbo ilé wa, ọ̀kan fún ewúrẹ́, ọ̀kan fún adìyẹ, ọ̀kan lẹ́nu ọ̀nà fún ohunkóhun tó bá ń kọjá, ì báà jẹ́ ajá aládùúgbò. Bí oòrùn bá mú, wọn a ní kí n lọ wò ó. Bí omi náà bá ti dọ̀tí, n ó dà á nù, n ó pọn tuntun láti inú kànga. “Ohun tó ní ẹ̀mí tí kò lẹ́nu láti tọrọ,” wọn a ní, “ẹni tó bá fún un lómi tó mọ́, làádá rẹ̀ ń bẹ lọ́dọ̀ Ọlọ́run.” Èkejì ni ohun tí wọ́n bá fi sọ́wọ́ ẹni. Àwọn èèyàn máa ń gbé ewúrẹ́ fún wọn sìn, nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹran kì í kú sọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀kan bá kú, wọn a gbé òkú rẹ̀ lọ fún olówó rẹ̀ kó fojú ara rẹ̀ rí i, wọn ò sì ní jẹun lọ́jọ́ náà. Nínú ilé wa, iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ní kó ṣọ́ nǹkan kò ju ọ̀kan lọ: kí nǹkan náà má kú. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi ní òmíràn.

Ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ni Dókítà dé. Obìnrin gígùn kan ni, irun rẹ̀ ti ń funfun níwájú, ó gba yàrá tó kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa. A rò pé dókítà aláìsàn ni. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìyàwó kan gbé ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná wá fún un, Dókítà sì ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹja ni mo máa ń tọ́jú o, n ò mọ̀ nípa ènìyàn.” Láti ọjọ́ náà ni Bọ̀dá Mùráínà ti ń pè é ní Dókítà Ẹlẹ́ja. Bí ó bá ti odò dé, a ní, “Dókítà Ẹlẹ́ja, aláìsàn yín ti dé o. Ẹ wá fún wọn lábẹ́rẹ́ kí Ìyá tó yan wọ́n.” Dókítà náà a ní, “Mùráínà, ìwọ gan-an ni n bá fún lábẹ́rẹ́, kí ẹnu rẹ lè sinmi.” Wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín. Ìyá Àgbà kò mọ ohun tí wọn yóò ṣe pẹ̀lú obìnrin tó kàwé tó báyìí tó ń fi ẹsẹ̀ lásán wọ odò, tó ń fi ọ̀bẹ kékeré la ẹja tí kò fẹ́ jẹ. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé bí ó bá ti la ẹja tán, ó máa ń fọ ibi tó ti ṣiṣẹ́ tónítóní, kò sì jẹ́ kí n fọ̀ ọ́ fún òun.

Èmi ni mo máa ń bá a gbé korobá. Kò béèrè kí n sọ̀rọ̀, bóyá ohun tó fà mí mọ́ ọn nìyẹn. Ó máa ń ṣí ibi pupa tí ẹja fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, a ní, “Wò ó. Èyí tó wá láti òkè odò, ó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Èyí tó wá láti ìsàlẹ̀, ṣé o rí i bó ṣe ṣú, tó ń yọ̀ bí ikun?” N ó mi orí. Ní ìsàlẹ̀ odò wa, ilé iṣẹ́ kan wà tó ń fọ ọ̀rá àti ike àtijọ́ kí wọ́n tó yọ́ ọ. Omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ń gba páìpù kan wọnú odò, ó ń hó bí ọṣẹ, ó sì ń rùn bí ìgbà tí iná bá jó bàtà. Dókítà sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé odò kan wà lẹ́yìn ilé bàbá òun ní Ifọ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, pé ibẹ̀ ni òun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ kan sókè rẹ̀, láàárín ọdún díẹ̀ kò sí àkèré níbẹ̀ mọ́. “Mo béèrè lọ́wọ́ bàbá mi pé kí ló pa wọ́n. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀. Mo ti ń béèrè láti ìgbà náà, Mòríámọ̀. Ohun tí mò ń ṣe jẹun nìyẹn.” Ó ti lo gbogbo ayé rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, láti odò kan sí òmíràn, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ń kọ ìwé tí àwọn tó yẹ kó kà á kì í kà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ku ọdún méjì kí ó fẹ̀yìn tì. Ó fẹ́ kí odò kan, ó kéré tán, yè nítorí òun kí òun tó lọ.

Lóòótọ́, odò wa ń kú lọ. Bọ̀dá Mùráínà ń rìn jìnnà sí i sí òkè kí ìgèrè tó kún, ìró dúrọ́ọ̀mù sì ti ń dún lọ́kọ̀ọ̀kan. Dókítà kó ìwé iṣẹ́ rẹ̀ lọ bá Baálẹ̀, Baálẹ̀ sì ránṣẹ́ pe àwọn ará ilé iṣẹ́ náà. Ọ̀gá tí wọ́n rán wá kó ìwé tirẹ̀ náà dání. Ìyá Àgbà wà níbẹ̀, àwọn ló ròyìn fún wa bí ó ṣe lọ. Wọ́n ní Dókítà kàwé, ọ̀gá náà kàwé, Baálẹ̀ sì ní, “Ẹ̀yin méjèèjì ń ka ohun tí èmi ò lè kà. Ṣé kò sí èyí tí ojú lè rí?” Ni Dókítà bá ní ó wà. Ó ní kí wọ́n bu omi sínú bàsíà mẹ́ta, omi òkè odò, omi ẹnu páìpù, àti omi kànga, kí wọ́n fi ẹja mẹ́wàá mẹ́wàá sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n fún wọn láyè ọjọ́ mẹ́rin. Kí ẹja fúnra rẹ̀ jẹ́rìí. Ọ̀gá náà gbà. Wọ́n fẹnu kò pé bí ẹja ẹnu páìpù bá kú, ilé iṣẹ́ náà yóò dí páìpù yẹn, wọn yóò wá ibòmíràn gbé ìdọ̀tí wọn gbà. Bí wọn ò bá kú, ìlú ò ní yọ wọ́n lẹ́nu mọ́. Ilé ta ni wọn yóò wá gbé bàsíà náà sí? Gbogbo wọn ní ilé Ìyá Àgbà, nítorí ohun tí wọ́n bá fi síbẹ̀ kì í yí padà. Bí Ìyá Àgbà ṣe dé lọ́jọ́ náà, inú wọn dùn. Wọ́n ní kí n gbé omi kaná kí àwọn wẹ̀, wọ́n sì ń kọrin sínú.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n gbé bàsíà náà sábẹ́ òrùlé tí a ti ń yan ẹja, bàsíà rọ́bà dúdú mẹ́ta. Ọ̀gá ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń bu omi, ọmọ Baálẹ̀ sì wà níbẹ̀. Àwọn ẹja náà kò ju ìka mi lọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹja méjì kú nínú bàsíà ẹnu páìpù. Dókítà fi ṣíbí kó wọn jáde, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kí n wá jókòó. Ó ní òun máa lọ kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òun fún ọjọ́ méjì, òun ò lè ṣe kí òun má lọ. “Ìwọ ni mo fi ṣọ́ wọn. Kí adìyẹ má dé ibẹ̀, kí ọmọ kankan má dé ibẹ̀. Èyí tó bá kú, fi igun èédú fa ìlà kan sára ògiri. Má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Ṣé o gbọ́?” Mo ní mo gbọ́. Mo sì gbọ́ lóòótọ́. N ò lè sọ pé n ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún mi láàárín ìṣẹ́jú kan dúró lórí ohun tí wọ́n ti ń sọ fún mi láti ọjọ́ tí mo ti ń rìn.

Ní ìdájí Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun àsùbá, mo lọ wò wọ́n. Àwọn mẹ́jọ tó kù ti gbé ẹnu sókè omi, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé. Ọ̀kan ti dojú ikùn sókè, ó tún yí padà, ó tún dojú ikùn sókè. Mo jókòó tì wọ́n. Mo ń gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń gbá ilẹ̀ lápá iwájú, tí bàtà rọ́bà wọn ń wọ́ nílẹ̀. Mo rò ó pé bí wọ́n bá kú sọ́wọ́ mi, Dókítà yóò dé, yóò rí ìlà mẹ́jọ lára ògiri, yóò sì mọ̀ pé n ò lè ṣọ́ nǹkan. Mo rò ó pé ohun tó ní ẹ̀mí ni wọ́n, wọn ò sì lẹ́nu láti tọrọ. Mo mú igbá, mo bu omi tó ń rùn yẹn dà sẹ́yìn ọgbà, igbá mẹ́rin, mo sì pọn omi kànga mẹ́rin dípò rẹ̀. N ò dà á tán, nítorí Dókítà ti ní kí n má fọwọ́ kàn án, mo rò pé bí mo bá fi ìdajì sílẹ̀, mo ṣì gbọ́ràn díẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹja tó dojú ikùn sókè náà fi ń rìn. Mo tún ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú. Mo tún ṣe é ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Bí Ìyá Àgbà ṣe rí mi tí mo gbé igbá, wọ́n ní, “O ti rántí fún àwọn ewúrẹ́ lómi?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín bò mí lẹ́nu. Ìgbà díẹ̀ ni mo ti rò láyé mi pé iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ni mo ṣe yọrí bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, àwọn àgbà wá. Wọ́n jókòó sórí àga tí a yá, ọ̀gá ilé iṣẹ́ dúró nítorí kò fẹ́ kí èéfín kan aṣọ rẹ̀. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà dé ni, kò sì tíì yẹ̀ wọ́n wò. Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé bàsíà sáàárín. Ẹja mẹ́wàá wà nínú tòkè odò, mẹ́wàá nínú ti kànga. Nínú ti ẹnu páìpù, mẹ́jọ ló ń sáré kiri, ara wọn le.

Ọ̀gá náà tẹ̀ síwájú, ó wò ó, ó ní, “Méjì péré ló kú. Dókítà, àwọn ẹja yín yìí ń jó.”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bọ̀dá Mùráínà ní, “Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí òkú ẹja níwájú páìpù yẹn.”

“Ìwọ ni apẹja,” ọ̀gá náà dá a lóhùn. “Ta ló yẹ ká bi ní òkú ẹja, bí kì í bá ṣe ìwọ?”

Ẹ̀rín náà wá pọ̀ sí i. Dókítà kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàsíà náà, ó ti ìka rẹ̀ bọ inú omi, ó gbé e sí imú. Ó gbójú sókè. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan omi yìí?” Ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi, ọ̀dọ̀ gbogbo wọn ló kọ ọ́ sí. Mo dúró lẹ́yìn àga Ìyá Àgbà, mo di aṣọ wọn mú. Ìgbà náà gan-an ló yé mi, lójijì, ohun tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹja náà ṣe. Nínú ilé wa, ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà bá jókòó sí, àyàfi bí wọ́n bá bi í. Baálẹ̀ bi mí. Ó ní, “Ọmọ yìí ló ṣọ́ ọ, àbí? Ìwọ, ṣé o fọwọ́ kàn án?” Mo wo ẹsẹ̀ mi. Ìyá Àgbà sì bá mi dáhùn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ní, “Baálẹ̀, ọmọ mi ò jẹ́ fọwọ́ kan ohun oníǹkan. Mo fi ìrun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kí yìí sọ ọ́.”

Ó parí síbẹ̀. Ta ni yóò tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Ọ̀gá náà yọ ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀, ó ti tẹ̀ ẹ́ wá láti ilé. Àwọn àgbà fọwọ́ sí i pé àwọn fojú ara àwọn rí ẹja láàyè nínú omi páìpù. Ìyá Àgbà kò mọ̀wé, ọ̀gá náà ní kí wọ́n tẹ àtàǹpàkò wọn síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí onílé. Wọn kò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Mo rí i lójú wọn. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n rí, wọn kì í sì í purọ́ nítorí ohun tó wù wọ́n. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi eérú nu yíǹkì náà kúrò lọ́wọ́.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Dókítà ṣì lóṣòó níwájú bàsíà náà. Ó pè mí. Ìyá Àgbà ń yí ẹja lórí wáyà, wọn ò jìnnà sí wa. “Mòríámọ̀,” ó ní, ohùn rẹ̀ rọ̀, “ṣé o fi ibẹ̀ sílẹ̀ rárá? Bóyá ẹnìkan wọlé?” Mo wo ẹ̀yìn Ìyá Àgbà. Wọ́n ti dúró, wọn ò yí ẹja mọ́, wọ́n ń tẹ́tí. Mo ní, “Rárá, mà.” Dókítà mi orí. Ó ní, “Ó dáa. A jẹ́ pé èmi ni mo ṣì í.” Ó tún bẹ Baálẹ̀ pé kí àwọn ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Baálẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan ni àwọn bá ara àwọn sọ. Kí oṣù náà tó parí, Dókítà kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ó fún mi ní ìwé kékeré kan tí kò tíì kọ nǹkan sí àti bírò kan, ó ní kí n máa gbìyànjú nílé ìwé.

N ò gbìyànjú pẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, ẹja léfòó lórí odò láàárọ̀ ọjọ́ kan, láti ẹnu páìpù títí dé abẹ́ afárá, funfun bí ìgbà tí wọ́n bá da òwú sílẹ̀. Àwọn kan lọ sí ilé iṣẹ́ náà, àwọn ará ibẹ̀ sì fi ìwé tí àtàǹpàkò wà lára rẹ̀ hàn wọ́n. Bọ̀dá Mùráínà gbé ìgèrè rẹ̀ sórí òrùlé, ó lọ ń wa kẹ̀kẹ́ máruwá ní Ìbafọ̀. Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹja inú yìnyín yan, àwọn oníbàárà wọn jẹ ẹ́, wọ́n ní kì í ṣe bíi tàtijọ́, ẹ̀rù a sì máa bà mí láti gbọ́ ọ. Nígbà tó yá, wọn ò yan nǹkan kan mọ́. Kò sẹ́ni tó lè rán mi nílé ìwé lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Kò sí ìró kankan tó ń jí mi mọ́, àfi tàwọn ọkọ̀ tó ń sáré ní màrosẹ̀. Ní gbogbo ọdún Iléyá, Dókítà máa ń pe Ìyá Àgbà lórí fóònù. Wọn a jọ ṣàdúrà fún ara wọn, Ìyá Àgbà a sì ní, “Ẹ dúró, ọmọ yín nìyí.” N ó ti bọ́ síta. N ó ní aṣọ wà lórí ẹ̀rọ. N ó ní omi wà lórí iná.

Ọdún tó kọjá, kò pè. Ìyá Àgbà ní kí n pè é, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló gbé e, ó ní apá kan ara màmá òun ti rọ, wọ́n wà nílé ní Ifọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, mo wọ ọkọ̀ mẹ́ta dé ibẹ̀. Wọ́n gbé Dókítà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí ìrọ̀rí bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ ọ́. Mo rò pé yóò pẹ́ kí n tó sọ ọ́ tán, kò tilẹ̀ tó ìṣẹ́jú márùn-ún. Kò dá mi dúró. Nígbà tí mo ṣe tán, ó ní, “Ẹ̀ẹ̀melòó?”

“Ẹ̀ẹ̀mẹta, mà.”

“Ní ìgbà wo?”

Mo sọ ọ́.

“Igbá mélòó? Mélòó ni bàsíà náà ń gbà?”

“Igbá mẹ́rin. Ó ń gbà bíi mẹ́jọ, mà.”

Ó pa ojú dé. Ẹnu rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. “Ìdajì. Ìdajì ìdajì náà. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ló kù,” ó ní. “Wọn ì bá ti kú kó tó di Ọjọ́bọ̀. Gbogbo wọn.” Omijé ń bọ́ lójú kan rẹ̀, ojú kejì kò lè sunkún dáadáa. Ó ní lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ́ọ̀ náà, òun ò gba ọwọ́ òun gbọ́ mọ́. Ìlú méjì mìíràn pe òun pé kí òun wá wo odò àwọn, òun sì sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Òun ò mọ̀ bóyá wọ́n rí ẹlòmíràn.

Mo ní, “Ẹ dárí jì mí, mà.”

“Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó fún ẹja lómi, n ò bínú sí i rí,” ó ní. “Kí ni n ó bínú sí? Ìwọ tó ń sá fún fóònù mi, ìwọ ni mò ń wò.” Lẹ́yìn náà ó ní, “Ṣé Màmá mọ̀?” Mo ní rárá. “Wọ́n fi ìrun wọn búra fún ọ. Ọ̀dọ̀ wọn ni kó o lọ.”

Mo sọ fún Ìyá Àgbà lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo ń bá wọn di irun. Ọwọ́ mi wà lórí wọn, n ò rí ojú wọn. Mo di irun náà tán. Wọ́n wá ní, “Omi kànga?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní, “Èmi ni mo kọ́ ọ.” Mo ní kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n lọ bá àwọn mú ìborùn àwọn, kí n mú ọ̀pá àwọn, a ń lọ sílé Baálẹ̀. Mo sọ fún wọn pé Baálẹ̀ yẹn ti kú, pé ọmọ rẹ̀ mìíràn tó dàgbà sí Èkó ló wà lórí oyè báyìí, pé ilé iṣẹ́ náà gan-an ti kó lọ, ó ti pé ọdún mẹ́ta. Wọ́n ní, “Ṣé àtàǹpàkò mi ti kó lọ?”

A rìn díẹ̀, a sinmi díẹ̀. Ọ̀nà tó ń lọ sí odò tẹ́lẹ̀ ti di ilé lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì há odò náà mọ́ abẹ́ ògiri àwọn èèyàn, ó ti di gọ́tà, ọ̀rá omi ló sì kún inú rẹ̀. Baálẹ̀ tuntun gbà wá dáadáa. Ọkùnrin tó mọ ọ̀wọ̀ ni, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó ní kí wọ́n gbé fáànù kọjú sí wọn, ó pa fóònù rẹ̀. Ìyá Àgbà sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, láti orí Dókítà títí dórí àtàǹpàkò. Wọn ò di ẹ̀bi rù mí, wọ́n ní ilé àwọn ló ṣì í. Wọ́n ní ẹ̀rí tí àwọn jẹ́ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ kì í ṣe òótọ́, àwọn wá láti gbà á padà, kí wọ́n kọ ọ́ síbi tó bá yẹ pé omi yẹn ló pa odò.

Ó fetí sílẹ̀ dé òpin. Kì í ṣe pé ó ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bojú wo ojú fèrèsé níbi tí Ìyá Àgbà nawọ́ sí, ó wò ó pẹ́, ó tẹ ọrùn sápá kan kó lè rí i dáadáa láàárín àwọn òrùlé.

“Màmá,” ó ní, “ẹ má bínú. Odò wo?”